Okùn Àpò Ará Ìjan

Ọjọ́ tí Débọ̀ kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Habeebat ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, ìgbín kan ń rìn lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, kò sì mọ̀. Habeebat rí i. Ó pa ẹ̀rín mọ́ra, ó ní kí òun gbọ́ tẹnu oníbàárà ná.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí. Ó gbé àpò nẹ́ẹ̀tì kan lé orí tábìlì. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ àpò rán jù ní Adó yìí. Ẹ bá mi wo eléyìí. Okùn ẹnu rẹ̀ ti sá wọnú, ni gbogbo ùgbín mi bá tú sínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan gun gèlè màmá kan láti Ìjan títí a fi dé gáréèjì. Màmá náà kò mọ̀, èmi náà kò sì lẹ́nu láti sọ."

Habeebat kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ yíjú padà ná," ó ní. Ó nawọ́, ó ká ìgbín náà kúrò lára ẹ̀wù, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀yin náà gbé èrò wá."

Ọkùnrin náà wo ìgbín, ó wo Habeebat, ojú tì í gan-an. Àwọn kan pàdé níbi ìgbéyàwó, àwọn kan pàdé nílé ìwé. Ìgbín ló mú àwọn méjì yìí pàdé, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i?

Adébọ̀wálé ni orúkọ rẹ̀, Débọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìgbín ló ń sìn lóko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Ìjan-Èkìtì, ó sì ń kó wọn wá fún àwọn olóúnjẹ ní Adó. Habeebat ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Bàbá Àkíbù tẹ́lọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá ló tọ́ ọ, bàbá ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń lò: bàbá ń rán agbádá àti ṣòkòtò lápá ọ̀tún, ọmọ ń rán àpò lápá òsì. Bàbá ti lọ kírun lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí.

Habeebat fa àpò náà mọ́ra. "Ẹni tó rán an kò fi òwú gán àárín okùn mọ́ ara àpò," ó ní. "Ẹ wò ó. Okùn tí wọn kò bá gán, ẹ fa etí kan, etí kejì á bá a lọ. Bí okùn ṣòkòtò ni. Ẹ̀yin ọkùnrin ṣáà mọ ìyẹn."

"A mọ̀ ọ́n dáadáa. Ojú wa ti rí i."

Ó so píìnì mọ́ orí okùn, ó ń tì í gba inú ìṣẹ́po ẹnu àpò náà yípo, títí ó fi yọ lódì kejì. Ó sun etí okùn méjèèjì níná àbẹ́là kí ó má baà tú, ó sì ta wọ́n ní kókó. Nẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, ihò ló pọ̀ lára rẹ̀, òwú kì í rí ibi dì mú. Nítorí náà ó fi ègé aṣọ kan tì í lẹ́yìn, ní òdìkejì ibi tí okùn ti ń jáde, ó wá fi máṣíìnì gán àárín okùn náà mọ́ ọn. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ.

"Ó parí. Ẹ fà á."

Débọ̀ fà á, ẹnu àpò pa dé. Ó tún fi gbogbo agbára fà á, okùn kò yẹsẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pè yín?"

"Habeebat."

"Oríkì yín ńkọ́?"

"A kì í fún oníbàárà ní oríkì."

"Kí wá ni kí n dà?"

Habeebat nawọ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó jókòó, kò tẹ máṣíìnì fún ìgbà pípẹ́. Ní Adébáyọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti ń fọ Yorùbá bíi ti rédíò, ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti wí fún un pé "ẹ kú uṣẹ́" bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wí i.

Láti ìgbà náà, ará Ìjan di ẹni tí ń wá ra àpò. Ó lè fi ránṣẹ́, ó lè rán ọlọ́kadà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Àkíbù gan-an ṣàkíyèsí. "Oníbàárà rẹ yìí," ó ní, "àfi bí ẹni pé ìgbín rẹ̀ ń bímọ ju àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ." Habeebat rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ orí ba.

Lọ́jọ́ kan, òjò dá Débọ̀ dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kò sí níbẹ̀. Òjò ń lu páànù débi pé wọ́n ní láti sún mọ́ra kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn.

"Habeebat," ni Débọ̀ wí, "kì í ṣe àpò ni mò ń wá rà. Àpò ti kún ilé wa, màmá mi ti fi ọ̀kan ń sẹ́ gàrí. Ìwọ ni mò ń wá wò. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, bí mo bá sì fi í pa mọ́ títí òjò yìí fi dá, ó máa pa mí."

 Habeebat mọ̀ pé Kátólíìkì ni Débọ̀. Ó mọ ẹni tí bàbá òun jẹ́. Ó mọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní. "Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi."

Débọ̀ pè é, ó tún un pè, bí ẹni ń tọ́ oyin wò. Habeebat padà sídìí máṣíìnì kí ó má baà sunkún ayọ̀ lójú rẹ̀. Àpò tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, kò mọ bí òun ṣe rán an tán.

Ìfẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi pa mọ́ fún tẹ́lọ̀, ẹni tó jẹ́ pé wíwo ara ènìyàn niṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Àkíbù fúnra rẹ̀ ló bi í, Habeebat sì jẹ́wọ́. Bàbá gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ ìjọ Àgùdà ni," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò burú. Kí ó wá sílé, kí n fi ojú mìíràn wò ó."

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Lówùúrọ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò, Débọ̀ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́: kí ni òun lè mú wá fún Bàbá, ṣé kí òun mú ìgbín? Bàbá Àkíbù kì í jẹ ìgbín. Àwọn álífáà kan ní kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n Bàbá ní ẹran tí ọ̀bẹ kò bá kan ọrùn rẹ̀ kò kan ọ̀fun òun. Habeebat yára tẹ èsì: "Ma mu igbin wa o."

Habeebat ní kí ó má mú un wá. Débọ̀ kà á pé kí òun máa mú un wá. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù? Ìka gbogbo wa ya ọ̀lẹ.

Bí Débọ̀ ṣe dé nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun àti àpò ìgbín tó tóbi jù lóko. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàsán, sà."

"Dìde. Kí ló wà nínú àpò?"

"Ìgbín ni, sà. Habeebat ló ní kí n mú un wá."

"Èmi kẹ̀!" Habeebat figbe ta. "Mo ní kí o má mú un wá!"

Débọ̀ yọ fóònù jáde, ó nà án sí i. Habeebat kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá náà kà á, ètè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá dára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ oko, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí Bàbá yíjú láti wo àkókò ìrun, ìgbín ti kún ilẹ̀. Èyí tó tóbi jù wà lórí ẹní ìkírun rẹ̀, ó ti wọ́ itọ́ kọjá ibi tí Bàbá máa ń fi iwájú orí kàn.

Débọ̀ fò dìde, ó ń ṣa wọ́n, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá kò wo ìgbín. Àpò ló mú. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi àtàńpàkò tọ etí rẹ̀ yípo.

"Ta ló rán an?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Gígán dà?"

Habeebat wò ó. Kò sí gígán níbẹ̀. Àpò ọjọ́ òjò ni.

"Láti ìgbà tí mo ti kọ́ ọ níṣẹ́, o kò ṣe irú èyí rí," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló tiẹ̀ bani nínú jẹ́ jù. "Mi ò bínú nítorí ìgbín. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìfẹ́ tó mú ọmọ mi gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè mú un gbàgbé Ọlọ́run rẹ̀. Títí Iléyá yóò fi kọjá, ẹ kò gbọdọ̀ rí ara yín, ẹ kò gbọdọ̀ pe ara yín, ẹ kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan síra yín. Àpò nìkan ló lè lọ, tó lè bọ̀, nítorí òwò ni òwò ń jẹ́. Bí ó bá tán nínú yín, ó tán. Bí kò bá tán, ẹ padà wá."

"Mo gbà, sà," ni Débọ̀ wí.

Inú bí Habeebat pé ó tètè gbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí Débọ̀ jà. Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú àpò rẹ̀ lábẹ́ apá, kò bojú wẹ̀yìn, nítorí bí ó bá wò ó, kò ní lè lọ.

Àárò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí àárò kò bá sọ rí, ẹ máa dúpẹ́. Ọlọ́kadà kan tí ń jẹ́ Fúàdì ló ń gbé àpò lọ sí Ìjan, òun náà ló ń mú ìròyìn bọ̀. Ó ní inú Màmá Fọlákẹ́, ìyá Débọ̀, dùn sí òfin Bàbá Àkíbù. Màmá ní òun kò ṣe ìrìbọmi fún ọmọ kí ó wá fẹ́ ẹni tí òun kò ní rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Mísà. Habeebat gbọ́, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé ògì gbígbóná mì.

Gbogbo ọ̀kadà tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń yíjú sí. Ó máa ń ṣí fóònù, á wo orúkọ Débọ̀, á tún pa á. Ó ti gbà fún bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ yẹ àdéhùn. Ààwẹ̀ wọlé. Ó ń gbàwẹ̀ oúnjẹ, ó ń gbàwẹ̀ Débọ̀, èyí tí kò ní ìṣínu lára wọn ló le jù. Kò sí àpò tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láìgán. Ó ń gán wọn bí ẹni ń bá ara rẹ̀ jà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ó yà á lẹ́nu nígbà tí Fúàdì kó àpò mélòó kan padà wá.

"Wọ́n ní kí ẹ tún un ṣe. Wọ́n ní okùn yọ."

"Okùn àpò tèmi?"

"Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ, àǹtí."

Habeebat fajú ro. Ó gbé àpò kan lọ sójú fèrèsé. Òótọ́ ni, okùn ti yọ. Ṣùgbọ́n ègé aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ wà digbí, nẹ́ẹ̀tì kò sì ya. Okùn tí wọ́n bá fi agbára fà yọ, ó máa ya nẹ́ẹ̀tì ni. Ó wo òwú rẹ̀ dáadáa, orí rẹ̀ mọ́ lóló. Bíléèdì ló gé e.

Inú kọ́kọ́ bí i. Ta ló jókòó tí ń tú iṣẹ́ mi? Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yé e, ó jókòó. Àpò nìkan ló lè lọ, tó lè bọ̀. Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbín kò lè bímọ tó kí Débọ̀ máa ra àpò tuntun lójoojúmọ́, ó wá ń tú àwọn ti àtijọ́ kí wọ́n lè padà sọ́wọ́ Habeebat. Habeebat gbé àpò náà bojú. Ó ń rùn bí ilẹ̀ tútù àti ewé ìbẹ́pẹ. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún.

Òwú pupa ló fi gán wọn padà. Nígbà tí àwọn àpò náà tún dé, òwú pupa náà kò sí níbẹ̀, fọ́nrán kan ṣoṣo kò ṣẹ́kù. Ó yé e pé ẹnìkan ń kó wọn pamọ́ ní Ìjan.

"Fúàdì, ojú wo ló fi sọ ọ́ pé okùn yọ?" Ó gbìyànjú láti bi í bí ẹni tí kò bìkítà.

"Ilẹ̀ ló ń wò. Ó bi mí bóyá ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ẹ wà. Ó ní kí n tún un sọ."

"O sì tún un sọ?"

"Mo tún un sọ, àǹtí. Ó tún ní kí n sọ ọ́."

Habeebat yí ojú sí ògiri kí Fúàdì má baà rí i.

Iléyá ku díẹ̀ nígbà tí Bàbá Àkíbù mú ọ̀kan lára àwọn àpò náà. Habeebat lọ ra òwú, ó dé, ó bá a tó fi ìgò sójú, tí àpò wà lórí itan rẹ̀. 

"Okùn yìí kò yọ," ni Bàbá wí. "Wọ́n tú u ni."

Habeebat gbé òwú tó rà sílẹ̀.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti inú ààwẹ̀."

"O sì ń tún un gán."

"Mo ń tún un gán."

Bàbá bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Ẹ kò rí ara yín?"

"A kò rí ara wa."

"Ẹ kò pe ara yín?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí a má pè, Bàbá. A kò pè."

Bàbá gbé àpò náà fún un. Ó padà sídìí agbádá tó ń rán, ó tẹ máṣíìnì fún ìgbà díẹ̀, ló bá dúró. Apá ọ̀tún agbádá náà ló ti rán sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ó ń tú u lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Iléyá kọjá. Débọ̀ dé, iṣu ló gbé wá, màmá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Habeebat rí i lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo oṣù tó fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ṣì rántí bí ó ṣe rí, irọ́ ni, kò rántí tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò lè kan ara wọn níwájú àgbà. Débọ̀ ní "Ẹ kú ilé," Habeebat ní "Ẹ káàbọ̀."

Màmá Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ mi kò ní kúrò nínú ìjọ."

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ má bínú. Ọmọ tèmi kò ní kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀."

 Habeebat ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rò ó pé ibi tí yóò parí sí nìyí.

Bàbá yíjú sí Débọ̀. "Bí mo bá ní kí o máa kírun kí n tó fún ọ lọ́mọ, kí lo máa wí?"

"Sà, bí ẹ bá ní kí n kírun, mo lè kí i lónìí, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ débẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ni màá máa kí i sí, kì í ṣe Ọlọ́run. Ẹ̀yin náà á mọ̀. Mi ò fẹ́ fi irọ́ wọ ilé yín."

"Màmá, bí Habeebat bá ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi lọ́la ńkọ́?"

Màmá Fọlákẹ́ wo Habeebat. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ràn ohun tó ń rí tó sì ń fẹ́ràn rẹ̀ lọ. "Irọ́ kan náà ni," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Ìwọ ńkọ́, Àbẹ̀kẹ́?"

Omi ti kún ojú Habeebat. "Bàbá, ẹ ní kí n dúró, mo dúró. Bí ẹ bá tún ní kí n dúró, màá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n gbàgbé. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Àárò rẹ̀ ń sọ mí nígbà tí mo bá ń ṣàdúà, mo sì ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run pé kí Ó má bínú."

Bàbá Àkíbù dìde. Ó dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Èmi kò lè so yìgì yín," ó ní. "Ẹ̀sìn mi kò gbà á, mi ò sì ní purọ́ fún Ọlọ́run mi nítorí ọmọ. Bí ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kò ní rí mi níbẹ̀."

Débọ̀ tẹ orí ba. Habeebat ń sunkún láìpariwo.

Bàbá wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, téèpù rẹ̀ wà lọ́rùn.

"Adébọ̀wálé."

Kò pe orúkọ náà rí. "Sà," ni Débọ̀ dáhùn.

"Dìde. Ẹbí rẹ yóò wá tọrọ Habeebat nínú ilé yìí, lọ́wọ́ mi. Bí ayé bá sì máa rí ọkọ ọmọ mi, aṣọ tí tẹ́lọ̀ mìíràn rán kọ́ ni wọ́n máa rí lọ́rùn rẹ̀. Na apá rẹ."

Débọ̀ na apá. Bàbá wọn èjìká, ó wọn àyà. Ó fa téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká, ó wo iye tó wà níbẹ̀, ó mi orí, ó tún un wọ̀n. 

"Ó rù jù," ó ní. "Mi ò lè fi ìwọ̀n yìí gé aṣọ ìgbéyàwó fún ẹnikẹ́ni. Habeebat, nu ojú rẹ, kí o lọ dáná fún un."